Ta Ló Ń Sanwó Kí Kóró Ìbẹ́pẹ Tó Lè Fọ Omi Mọ́?

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ti bítíkọ́ìnì o, kì í sì ṣe ti bí èèyàn ṣe ń pawó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó tí ìjọba máa ń kó kalẹ̀ kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lè ṣe nǹkan tuntun ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti fẹ́ yọ́ lọ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan omi tí ẹ̀ ń mu.

Ẹlẹ́yẹlé ni mò ń gbé, n'Ìbàdàn níbí. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa á mọ dáàmù wa. Ọdún 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà níbẹ̀ kí àwọn ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Nígbà yẹn, Ìbàdàn ò tíì fẹ̀ dé ibẹ̀ tó báyìí. Lónìí, ilé, ọjà, oko àti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ló yí i ká, gbogbo ohun tó bá sì wà nílẹ̀ ni òjò ń gbá wọ inú rẹ̀. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti ibòmíràn ti bu omi yẹn lọ yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì ti yẹ ẹja inú rẹ̀ wò. Lára ohun tí wọ́n máa ń wá ni àwọn mẹ́táàlì olóró, bíi òjé àti cadmium.

Kí ló dé tí òjé fi yàtọ̀ sí kòkòrò àrùn?

Bí ẹ bá se omi, kòkòrò àrùn á kú. Òjé ò ní kú ní tiẹ̀, torí kò lẹ́mìí tẹ́lẹ̀. Kódà, bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná, ṣe ni òjé á máa ki sí i nínú èyí tó kù. Alum tí wọ́n ń dà sínú omi nílé iṣẹ́ omi ń mú kí ẹrẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, klórìn ń pa kòkòrò. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe ní pàtàkì nítorí mẹ́táàlì tó ti yòrò sínú omi nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, ọpọlọ ọmọdé ni òjé máa ń bà jẹ́ jù. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ pé kó má ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi kan. Ẹ pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan: ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni máíkírógíráàmù.

Ohun tó kéré tó báyẹn, asẹ́ wo la fẹ́ fi sẹ́ ẹ? Ibí yìí ni nanotechnology àti àwọn ohun èlò tuntun ti wọlé.

Náńò: kí ohun kéré kó lè pọ̀

Ẹ mú mítà kan, kí ẹ pín in sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní nánómítà. Irun orí ẹyọ kan fẹ̀ tó nǹkan bíi nánómítà 80,000 sí 100,000.

Kí wá ni àǹfààní kíkéré? Ẹ jẹ́ ká ní a ní ṣúgà kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan ní òró, ní ìbú àti ní gíga. Ojú mẹ́fà ló ní, àpapọ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà níbùú lóròó. Bí a bá wá gé ṣúgà yẹn títí tí hóró kọ̀ọ̀kan fi kéré tó nánómítà kan, àpapọ̀ ojú gbogbo wọn á di mítà 6,000 níbùú lóròó. Díẹ̀ ló kù kó tó pápá bọ́ọ̀lù kan! Ṣúgà yẹn náà ni o, a ò fi nǹkan kan kún un. Ojú tó lè fara kan omi ló pọ̀ sí i. Ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ pé èlùbọ́ máa ń tètè mumi ju gbodo lọ? Ohun kan náà ni.

Àwọn èèyàn wa wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní LAUTECH, ẹgbẹ́ olùwádìí kan wà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbájé Lateef jẹ́ ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n ti fi okùn aláǹtakùn àti èèpo obì ṣe hóró fàdákà tó kéré dé ìwọ̀n náńò, wọ́n sì dán an wò nínú ọ̀dà ilé láti fi dènà kòkòrò. Okùn aláǹtakùn tí à ń fi ìgbálẹ̀ gbá dànù!

Èyí tó kan omi wa jù ni ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Emmanuel Unuabonah, ti Redeemer's University, ní Ẹdẹ. Òun àti àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Potsdam, ní Jámánì, mú amọ̀ tí wọ́n ń pè ní kaolinite, wọ́n pò ó pọ̀ mọ́ kóró ìbẹ́pẹ, wọ́n sì fi ooru líle yan án. Ọdún 2013 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kò ṣòro láti yé. Ẹ rántí Micra tó ń lọ Dùgbẹ̀: bí mọ́tò bá ti kún, èrò kan gbọ́dọ̀ sọ̀ kí ẹlòmíràn tó jókòó. Àwọn áyọ́ọ̀nù tí kò léwu ti jókòó sára amọ̀ náà. Bí omi bá ń kọjá, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ sínú omi, òjé àti cadmium á sì jókòó sáyè wọn.

Omi tí wọ́n fi dán an wò ní máíkírógíráàmù 1,000 mẹ́táàlì nínú lítà kan. Lẹ́yìn tó kọjá lára amọ̀ náà, cadmium kò ju 4 lọ mọ́, nickel kò ju 7 lọ, òjé kò ju 20 lọ. Ẹ wò ó dáadáa: ti òjé ṣì ju 10 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ. Ṣùgbọ́n láti 1,000 sí 20, pẹ̀lú amọ̀ àti kóró ìbẹ́pẹ tí ẹnikẹ́ni ò rà? Iṣẹ́ ńlá ni.

Ó dáa. Kí ló wá dé tí kò tíì sí nínú ẹ̀rọ omi wa?

Láti gíráàmù méjì dé odindi ìlú

Gíráàmù méjì péré ni amọ̀ tí wọ́n lò nínú ìdánwò yẹn. Omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá tó nǹkan bíi mílílítà 7 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: wákàtí kan á fún wa ní mílílítà 420. Kò tíì kún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan! Wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú 300 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi lítà méjì omi.

Bí a bá fi ìṣirò orí lásán gùn ún lókè, lítà mílíọ̀nù kan omi á nílò nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan amọ̀ yìí. Omi gidi kì í sì í rí bí omi inú láàbù, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, ewé wà níbẹ̀, ọṣẹ wà níbẹ̀. Ta ló máa yan tọ́ọ̀nù amọ̀? Ààrò wo ló máa gbà á? Bí amọ̀ náà bá kún fún òjé, báwo la ṣe máa fọ̀ ọ́, níbo la sì máa da òjé yẹn sí? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti ọlọ́gbọ́n kan nínú láàbù mọ́. Ti ẹnjiníà ni, ti oníṣòwò ni, ti ìjọba náà sì ni. Gbogbo ẹ̀ ló ń gba owó.

Àwọn tó ń náwó sí ìwádìí ní Yúróòpù ní àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án kan tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rọ̀ yìí, TRL ni wọ́n ń pè é. Àtẹ̀gùn kìíní ni èrò lásán, ìkẹrin ni ohun tó ti ṣiṣẹ́ nínú láàbù, ìkẹsàn-án ni ohun tí àwọn èèyàn ti ń lò nígboro. Àárín, láti ìkẹrin sí ìkeje, ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti máa ń kú. Yunifásítì á ní iṣẹ́ tòun ti parí, ilé iṣẹ́ á ní kò tíì dá òun lójú. Ọmọ tí bàbá ní ti ìyá ni, tí ìyá ní ti bàbá ni, ta ni máa bọ́ ọ?

Bí Yúróòpù ṣe ń dá àjọ

Gbogbo wa la mọ àjọ. Ohun tí Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, EU, ń ṣe fún ìwádìí jọ ọ́ díẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń dá owó látinú owó orí àwọn aráàlú rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe pé wọ́n máa ń kó o yí po. Ṣe ni wọ́n á kéde iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́, kí àwọn olùwádìí tó wá kọ̀wé pé àwọn lè ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ó kéré tán, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́ mẹ́ta láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ para pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n sì ti sọ ọ́ dòfin níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí kò bá wọn tan ló máa gba máàkì ìwé náà lórí nǹkan mẹ́ta: ṣé ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, ṣé ó máa wúlò, ṣé àwọn èèyàn wọ̀nyí lè ṣe é lóòótọ́?

Wọ́n ti ń bá ètò yìí bọ̀ láti ọdún 1984. Láàárín 2007 sí 2013, owó rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 50 yúrò, nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti náńò, ohun èlò tuntun àti ọ̀nà ìṣelọ́pọ̀ tuntun. Èyí tó tẹ̀ lé e, Horizon 2020, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 80. Horizon Europe, ti 2021 sí 2027, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bílíọ̀nù 95.5.

Kí ni owó yẹn ń ṣe? Ẹ wo graphene. Ní 2004, Andre Geim àti Konstantin Novoselov ní Manchester ń fi sẹ́lótéèpù ṣí léèdì, irú èyí tó wà nínú pẹ́ńsù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí tó fi ku ìpele átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Ní 2010, wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel. Sẹ́lótéèpù lásán ò wọ́n, àbí? Ṣùgbọ́n kí graphene lè kúrò lórí tábìlì, EU bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́wàá kan ní 2013 pẹ̀lú bílíọ̀nù kan yúrò. Ilé ìwádìí graphene tí wọ́n ṣí ní Manchester ní 2015 gba mílíọ̀nù 61 pọ́ọ̀nù, mílíọ̀nù 23 nínú rẹ̀ wá látọ̀dọ̀ EU. Àwárí náà kò náni ní púpọ̀. Títọ́ ọ dàgbà ló náni lówó.

Wọ́n ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Kẹ̀kẹ́ kan náà ni ìwádìí ń gùn.

Àwa ńkọ́?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Unuabonah rí ìrànwọ́ látọ̀dọ̀ Alexander von Humboldt Foundation nílùú Bonn, tí ìjọba Jámánì ń fún lówó jù. Nítorí náà, owó orí àwọn ará Jámánì wà nínú amọ̀ ìbẹ́pẹ yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́: Yúróòpù kì í dá àjọ nítorí Ẹlẹ́yẹlé. Ohun tí wọ́n nílò ni wọ́n ń kéde: bátìrì mọ́tò, ilé iṣẹ́ tí kò ní máa tú èéfín, ohun èlò tí wọ́n ò fẹ́ máa rà lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, owó wọn ni.

Tiwa ni TETFund, tí òfin 2011 gbé kalẹ̀, tí owó rẹ̀ ń wá látinú owó orí àwọn ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ó ń fún àwọn olùwádìí lówó, ó sì dáa. Àmọ́ ní 2006, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fẹnu kò pé kí kálukú máa ná ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé rẹ̀ sórí ìwádìí. Nàìjíríà ò tíì dé ibẹ̀. Yúróòpù ní tiwọn fi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ṣe àfojúsùn ní 2002. Àwọn náà ò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọjá méjì.

Ẹ tún wo èyí. Lẹ́yìn omíyalé August 26, 2011, tó gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ, Báǹkì Àgbáyé yá wa ní mílíọ̀nù 200 dọ́là fún ọ̀rọ̀ omíyalé n'Ìbàdàn, àtúnṣe dáàmù Ẹlẹ́yẹlé sì wà lára iṣẹ́ náà. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, a máa ń rí owó yá. Kí ó tó bàjẹ́, tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ fi ọdún márùn-ún dán amọ̀ wò lórí omi gidi, ta ló máa dá a lóhùn?

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, ọ̀nà wà o. Òfin Horizon Europe gbà pé kí wọ́n sanwó fún ilé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà tó bá bá àwọn mẹ́ta tiwọn dara pọ̀. Ètò Marie Skłodowska-Curie ń gba olùwádìí láti orílẹ̀-èdè èyíkéyìí. Humboldt náà ní èyí tó wà fún àwa ọmọ orílẹ̀-èdè tó ń gòkè bọ̀, Georg Forster ni orúkọ rẹ̀. Ẹ wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni kíkà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ gún kóró ìbẹ́pẹ sínú omi nílé o! Ó ní bí wọ́n ṣe ń yan án, láàbù ló sì lè sọ bóyá omi náà ti mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi àwọn tó ń wá ìbò yín kò le. Àwọn tó ń ṣèlérí ẹ̀rọ omi pọ̀. Ẹ bi wọ́n pé èló ni wọ́n máa yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún kí ohun tí àwọn olùwádìí wa ti rí lè kúrò ní gíráàmù méjì. Kí wọ́n dárúkọ iye owó náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀.