Ohun Tó Wà Nínú Péènì Adrenaline

Péènì EpiPen, tí a ń fi gún ọmọ tí ara rẹ̀ bá kọ oúnjẹ lọ́nà tó léwu, kò fi bẹ́ẹ̀ ju bírò ńlá lọ. Ìgò tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tí oògùn adrenaline kún inú rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà níwájú, sipíríǹgì alágbára sì ká jọ lẹ́yìn bíi pàkúté tí wọ́n ti dẹ sílẹ̀. Ìdérí búlúù tó wà lókè ni kò jẹ́ kó ré. Ẹ fa ìdérí yẹn kúrò, ẹ ti ẹnu rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ itan ọmọ gbọin-gbọin: sipíríǹgì á ré, abẹ́rẹ́ á wọ inú ẹran itan, oògùn á tú jáde. Ó ń gba orí ṣòkòtò wọlé, ẹ má wulẹ̀ bọ́ aṣọ.

Lójú ogun ni irú ẹ̀rọ yìí ti wá. Sheldon Kaplan, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó ṣe abẹ́rẹ́ tí sójà lè fi gún ara rẹ̀ bí ọ̀tá bá fi gáàsì olóró jà. Wọ́n wá sọ ọ́ di ti adrenaline, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1987. Ó hàn lára rẹ̀ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ni wọ́n rò kí wọ́n tó ṣe é. Kò ní kí ẹ wọn oògùn, kò ní kí ẹ mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ń jìn dé. Ìpinnu láti lò ó nìkan ló kù sí yín lọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni à ń pẹ́ sí.

Nígbà tí ọmọ bá jẹ ẹ̀pà, edé tàbí ẹyin tí ara rẹ̀ kọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara á ṣi oúnjẹ náà mú fún ọ̀tá, wọ́n á tú histamine àtàwọn èròjà mìíràn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ara á lé kókó, ètè á wú, ọ̀fun á há, èémí á máa dún fíì-fíì. Òpó ẹ̀jẹ̀ á gbòòrò jù, omi á máa jò láti inú wọn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Ọmọ tó ń ké lẹ́ẹ̀kan lè dákẹ́ lójijì, kí ara rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀. Adrenaline ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó ń ṣí ọ̀nà èémí, ó ń mú kí ọkàn lù kíkan, ó sì ń dá àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn lẹ́kun. Piriton lè mú kí ara yíyún rọlẹ̀. Kò lè ṣí ọ̀fun tó há. Ní ti epo pupa àti mílíìkì tí a máa ń sáré rọ sí ọmọ lẹ́nu nílé wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ọ̀fun tó ń dí lè jẹ́ kí epo gba ọ̀nà èémí lọ.

Bí èémí bá ti ń ṣòro, bí ohùn bá há, bí ó bá rẹ ọmọ lójijì, ẹ gún un ná, kí ẹ tó pe nọ́ńbà pàjáwìrì bíi 999 tàbí 911. Ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ṣinṣin, torí bó bá ta, abẹ́rẹ́ lè ya á lára. Ẹ ka oókan dé ẹẹ́ta kí ẹ tó fà á kúrò. Ẹ má fi àtàǹpàkò bo orí péènì rárá. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí mímí bá nira fún un, ẹ jẹ́ kó jókòó, àmọ́ kó má rìn. Bí kò bá sàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ lo èkejì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí méjì máa wà lọ́wọ́. Kódà bí ó bá sàn, ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn, torí ìṣòro náà lè padà wá lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń jáyà nígbà tí wọ́n rí omi tó ṣẹ́ kù nínú péènì. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn: nǹkan bíi mílílítà 2 ló wà nínú rẹ̀, 0.3 péré ló ń jáde. Bí ẹnu aláwọ̀ ọsàn bá ti gùn jáde láti bo abẹ́rẹ́, ó ti ṣiṣẹ́.

Ní Nàìjíríà, péènì yìí ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n oògùn kan náà wà nínú ìgò kékeré nílé ìwòsàn, mílígíráàmù 1 nínú mílílítà 1, tí dókítà ń wọ̀n bí ọmọ bá ṣe wúwo tó. Ẹ sáré débẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ọmọ jẹ.

Ẹni tó bá ní péènì, kó má fi sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, kó má sì gbé e sínú fíríìjì. Bí oògùn inú rẹ̀ bá pọ́n ràkọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tún béèrè péènì ìdánrawò tí kò ní abẹ́rẹ́, kí ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n ọmọ àti ẹni tó ń mú un lọ sílé ìwé tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan ara wọn títí ọwọ́ wọn á fi mọ̀ ọ́n.