Káàdì kọ̀ǹpútà mílíọ̀nù mẹ́ta náírà jáde, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ àwọn ọmọ Sábó ò lè gbé e!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ̀kalẹ̀ nínú dánfó ní Sábó, ní Yaba, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí NẸPA bá mú iná lọ. Kó tó tó ìṣẹ́jú kan, gbogbo jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àárín ariwo yẹn làwọn ọ̀dọ́ kan jókòó sí nídìí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń ya ilé, tí wọ́n ń ya mọ́tò, tí wọ́n ń mú kí àwòrán máa rìn, kó máa sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ọ̀rọ̀ tiwọn la fẹ́ sọ, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Las Vegas, l'Amẹ́ríkà, lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n.

Ọjà ńlá kan wà tí wọ́n máa ń ná nílùú yẹn lọ́dọọdún, CES ni wọ́n ń pè é. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe tẹlifíṣàn àti kọ̀ǹpútà máa ń kó ọjà tuntun wọn lọ síbẹ̀, kí ayé lè wá wò ó. Ibẹ̀ ni LG ti fi tẹlifíṣàn tó ń ká bí ẹní han aráyé ní 2019. Tẹ́ ẹ bá wò ó tán, ẹ tẹ bọ́tìnì, á ká ara ẹ̀ wọnú àpótí. Ní 2024, wọ́n tún gbé òmíràn wá tó mọ́ gaara bíi gíláàsì fèrèsé, èèyàn á máa wo fíìmù lórí ẹ̀, á sì tún máa rí ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n dá lé e. Ẹni tó bá rà á ní Mushin, ó di dandan kó wá ilé tó máa gbé e sí, torí owó ilé ló fi rà á yẹn.

Àmọ́ lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, Jensen Huang, ọ̀gá iléeṣẹ́ Nvidia, lèrò ń wọ́ lọ wò. Jákẹ́ẹ̀tì awọ tó wọ̀ ń dán yanranyanran bí ẹ̀yìn ọ̀nì, òun fúnra ẹ̀ sì bi àwọn èèyàn bóyá jákẹ́ẹ̀tì náà wù wọ́n. Ṣé ẹ mọ̀ pé abọ́ lọkùnrin yìí ń fọ̀ nígbà kan? Taiwan ni wọ́n bí i sí, ó sì fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní Denny's l'Amẹ́ríkà. Inú Denny's mìíràn náà lòun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì ti jókòó jíròrò lórí iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993.

Ohun tó kó wá lọ́jọ́ náà ni graphics card tuntun tí wọ́n pè ní RTX 5090. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, káàdì yìí ni ayàwòrán inú kọ̀ǹpútà. Àwọn àmì tín-tìn-tín ló para pọ̀ di ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì lé ní mílíọ̀nù méjì lójú kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń lò. Káàdì ló ń pín àwọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí ìgbà ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Dọ́là 1,999 ni wọ́n dá lé RTX 5090. Nígbà yẹn, dọ́là kan ń lọ ní bíi ₦1,540, ìyẹn ni pé owó káàdì kan ṣoṣo lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà, láìtíì ka owó tí wọ́n máa fi gbé e wọ̀lú. Ẹni tó bá ń gba ₦70,000 tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù, oṣù mẹ́rìnlélógójì ló máa fi ṣiṣẹ́ kó tó rà á, tí kò ní jẹun, tí kò ní wọ dánfó, tíyàwó ò sì ní béèrè owó ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ní bàbá olówó kan rà á fún ọmọ ẹ̀. Wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Káàdì yìí nìkan lè fa iná tó tó wọ́ọ̀tì 575. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tá a mọ̀ sí I better pass my neighbour, agbára ẹ̀ ò ju bíi wọ́ọ̀tì 650 lọ. Káàdì á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán, ká má tíì sọ ti kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ àti ti fáànù. Lítà bẹntiróòlù kan sì ti kọjá ₦900 l'Ékòó nígbà yẹn. Ẹni tó ní òun á lo iná ìjọba ńkọ́? Tó bá wà ní Band A, owó yúnìtì kan ti fò láti bíi ₦68 sí ₦225 lóṣù kẹrin, ọdún 2024.

Ẹ lè ní kí ló kan jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú àwòrán. Ó kàn án dáadáa. Ìṣẹ́jú àáyá kan nínú fíìmù, àwòrán mẹ́rìnlélógún ni. Fíìmù wákàtí kan ààbọ̀, àwòrán 129,600. Tí kọ̀ǹpútà kan bá ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 900 ló máa fi ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìsinmi. Ta ló rí iná bẹ́ẹ̀ rí ní Sábó?

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Iwájú fi ń dùn wá. Disney gbé e jáde ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, ọdún 2024. Kugali, iléeṣẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà méjì àti ọmọ Uganda kan dá sílẹ̀, ló ronú ìtàn náà, Èkó níbí sì ni ìtàn ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ká mú àwòrán rìn, Cinesite tó wà lókè òkun ló gbaṣẹ́ yẹn. Kì í sì í ṣe pé àwọn ọmọ wa ò mọ̀ ọ́n ṣe o! Ní 2020 ni Lady Buckit and the Motley Mopsters jáde ní Nàìjíríà, odindi fíìmù ni.

Sábó náà ò sì káwọ́ gbera. Nígbà tí Mark Zuckerberg wá s'Ékòó lóṣù kẹjọ, ọdún 2016, Co-Creation Hub tó wà ní títì Herbert Macaulay níbẹ̀ ló yà sí. Facebook tiẹ̀ ti ra Oculus, àwọn tó ń ṣe awò tí èèyàn ń kó sójú wo àwòrán, ní 2014. Ọdún tó wá yẹn náà ni Judith Okonkwo dá Imisi 3D sílẹ̀ l'Ékòó, káwọn ọ̀dọ́ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun tí irú awò bẹ́ẹ̀ ń gbé jáde.

Huang mú káàdì kékeré kan wá pẹ̀lú, RTX 5070, dọ́là 549, ó sì ní ó máa ṣe bíi RTX 4090 tí wọ́n ń ta ní dọ́là 1,599 tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Káàdì yẹn á ya àwòrán kan, á sì méfò mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn dáa fún ẹni tó ń ta géèmù. Ẹni tó ń ṣe fíìmù ò lè fi àméfò ṣiṣẹ́, odindi àwòrán ló nílò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn lè rà ò ju tòkunbọ̀ lọ, ẹ̀yin òbí sì gbọ́dọ̀ mọ èyí kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n fi irú káàdì yìí wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn Ethereum, tọ̀sán-tòru fún ọdún gbọọrọ. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, Ethereum yí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ padà, wọn ò nílò káàdì mọ́, làwọn èèyàn yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní wọ̀bìà. Wọ́n á nù ún, á máa dán bíi tuntun. Ẹ wo ẹnu ìṣó ẹ̀ bóyá wọ́n ti tú u rí. Ẹ yí fáànù ẹ̀ bóyá ó ń mì. Kẹ́ ẹ tó yọ owó lápò, ẹ ní kó gbé e sínú kọ̀ǹpútà níṣojú yín, kó ṣiṣẹ́ tó le fún wákàtí kan gbáko. Tí ẹni tó ń tà á bá ní iná ò sí, ẹ jókòó tì í títí tíná á fi dé.