Wíwá Ìdí Ẹ́ńjìnnì Tí Ń Mísì: Ẹ̀kọ́ Kan fún Àròkọ Aṣàlàyé

Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ti ń fi iyán gígún, àdìrẹ rírẹ àti ẹmu dídá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àròkọ aṣàlàyé. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a mọ òpin rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wọn: ẹni tí ó ń gúnyán mọ̀ pé iyán ni yóò jẹ́. Oríṣi àlàyé mìíràn wà tí a kì í sábà fi kọ́ wọn, èyí ni àlàyé bí a ti ń wá ìdí ohun tí ó fara pamọ́. Ibi tí a ti lè gbọ́ irú rẹ̀ lójoojúmọ́ ní èdè Yorùbá ni abẹ́ igi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo àti ní Iléṣà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó mú ẹyọ kan nínú iṣẹ́ wọn, a ó tẹ̀ lé e dé òpin, a ó sì wá sọ ohun tí ó kan àwa tí a ń kọ́ni àti àwa tí a ń yẹ ìwé ìdánwò wò.

Ohun tí mísì jẹ́

Ní ẹnu mẹkáníìkì, ẹ́ńjìnnì ń mísì bí ilé písítìnì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò bá jó epo nígbà tí ó yẹ kí ó jó o. Ẹ jẹ́ kí a fi píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 àtijọ́ kan tí ń lo bẹntiróòlù ṣe àpẹẹrẹ. Ìran ọkọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Láti 1975 ni ilé-iṣẹ́ PAN ti bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná. Ilé písítìnì mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní. Nínú ìyípo méjì tí ẹ́ńjìnnì bá yí, ilé kọ̀ọ̀kan yóò fa epo àti atẹ́gùn wọlé, yóò fún wọn pọ̀, pílọ́ọ̀gì yóò ta iná sí wọn, èéfín yóò sì jáde. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 1,600 ni iná yóò ta láàrin ìṣẹ́jú náà, 400 nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ilé kan bá kú, mẹ́ta tó kù ni yóò máa wọ́ òkú ìkẹrin kiri, epo tí kò jó yóò sì gba sàlẹ́ńsà jáde.

Nǹkan mẹ́ta ni ilé písítìnì ń béèrè: iná tí ó lágbára tí ó sì dé ní àkókò, epo àti atẹ́gùn tí ó wà ní ìwọ̀n, àti ìfúnpọ̀ tí kò jò. Ibi tí ọ̀kan bá ti kùnà, mísì dé.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọkọ̀ wa yìí ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ní ìgboro Òṣogbo ó ń lọ geere. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dojú kọ òkè lọ́nà Erin-Ìjẹ̀ṣà tàbí ti Ìmẹ̀sí-Ilé, a bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, a sì máa gbọ̀n. Àwọn òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kì í jẹ́ kí irọ́ pẹ́ lẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Ìdí rẹ̀ rèé. Bí awakọ̀ bá tẹ iná mọ́ ọkọ̀ láti gun òkè, epo àti atẹ́gùn tí ń wọ inú ilé písítìnì a pọ̀ sí i, ìfúnpọ̀ a sì le sí i. Inú ohun tí a fún pọ̀ bẹ́ẹ̀ kò rọrùn fún iná láti fò kọjá. Fóòtì 12 ni ti bátìrì. Kọ́ìlì ni ó ń sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, lórí òkè ó sì gbọ́dọ̀ tún ga ju ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ. Kọ́ìlì tí ó ti ń kú lọ, wáyà tí ó ti sán, tàbí pílọ́ọ̀gì tí ẹnu rẹ̀ ti là jù, lè ṣe é ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kí ó má lè ṣe é lórí òkè.

Bí ó bá jẹ́ pé epo ni kò tó, ìṣe rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ a kọ́kọ́ gun òkè náà dáadáa. Nígbà tí ó bá pẹ́ lórí rẹ̀, agbára a máa dín kù díẹ̀díẹ̀, nítorí pé epo inú kabúrétọ̀ ń tán kí òmíràn tó dé. Bí a bá dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a tún lè lọ. Awakọ̀ tí ó bá lè sọ èyí tí ó rí nínú méjèèjì ti bá mẹkáníìkì ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ta ni kí a pè?

Ohun tí ó ń tán owó lápò awakọ̀ ni pé a kì í wádìí, rírà ni a ń rà. Lónìí pílọ́ọ̀gì mẹ́rin, lọ́la kọ́ìlì, lọ́túnla a fọ kabúrétọ̀, mísì sì wà níbẹ̀. Ohun tí ó tún mú un burú ni pé ẹni méjì ni ó ń pín iṣẹ́ náà láàárín wa: rẹwáyà ni ó ni iná, mẹkáníìkì ni ó ni epo àti irin. Bí a kò bá mọ ibi tí àrùn wà, rẹwáyà a ní fáfù ni, mẹkáníìkì a ní kọ́ìlì ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ a sì máa pọ́n nínú ọkọ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé ilé kan ni, àbí gbogbo wọn? A ó na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn ẹnu sàlẹ́ńsà láìfi kàn án. Bí èéfín bá ń gún ọwọ́, tí àlàfo kan náà sì ń padà wá ní déédéé, ilé kan pàtó ni ó kú. Bí ó bá ń já lọ́tùn-ún lósì láìlétò, ohun tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń lò ni kí a fura sí: kọ́ìlì, kọ́ńtáàtì, kọ̀ǹdẹ́ńsà, kabúrétọ̀, tàbí epo tí omi tàbí kẹrosíìnì ti wọ̀. Níhìn-ín ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ohun tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ní kì í sábà yan ẹyọ kan jẹ. Ohun tí ẹyọ kan dá ní kì í pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára.

Bí ó bá jẹ́ ilé kan, a ó wá a rí. A ó kọ́kọ́ rí i dájú pé epo kò jò níbì kankan. Ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣiṣẹ́. A ó fi púláyà tí ó ní rọ́bà lọ́wọ́ yọ wáyà pílọ́ọ̀gì kan, a ó fi ẹnu rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, a ó tẹ́tí sí ohùn, a ó sì dá a padà kí a tó yọ òmíràn. Bí a bá yọ ti ilé tó yè, ẹ́ńjìnnì a mì tìtì, a fẹ́ kú. Èyí tí a yọ tí ohùn kò yí padà, òun ni òkú. Ẹ ṣọ́ra fún kíkà: ní ẹ́ńjìnnì 504, láti ìhà gíábọ́ọ̀sì ni a ti ń ka ilé kìíní, kì í ṣe láti ìhà fáànù. Ìtò tí iná fi ń ta ni 1, 3, 4, 2. Ẹni tí kò mọ èyí lè gbé wáyà kọ́ra, kí ó sọ mísì kan di méjì.

Kí a sọ pé ilé kejì ni. A ó gbé pílọ́ọ̀gì rẹ̀ lọ sí ilé kẹta, a ó gbé ti ìkẹta wá sí ìkejì. Bí mísì bá bá pílọ́ọ̀gì lọ sí ilé kẹta, pílọ́ọ̀gì ni. Owó pílọ́ọ̀gì kan ni a ó san. Bí ó bá dúró sí ilé kejì, pílọ́ọ̀gì kò mọwọ́mẹsẹ̀, ó di kí a dán wáyà wò lọ́nà kan náà, lẹ́yìn náà ìdérí dísítíríbútọ̀, bóyá ó sán tàbí ọ̀rinrin wọ̀ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá yí pílọ́ọ̀gì àti wáyà papọ̀, bí mísì tilẹ̀ lọ, kò mọ ohun tí ó lé e. Iṣẹ́ sùúrù ni, bíi ti òṣómàáló àtijọ́ tí kì í dìde lórí ìlóṣòó títí owó aṣọ rẹ̀ yóò fi pé.

Pílọ́ọ̀gì tí a yọ yìí tún ń ròyìn. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ amọ̀ gbígbẹ, ara ilé náà le. Bí ó bá dú bí èédú, epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Bí ó bá funfun, epo kò tó tàbí ooru pọ̀ jù. Bí ó bá tutù fún bẹntiróòlù, iná kò ta. Bí ó bá ń yọ̀ fún ọ́ìlì, ríǹgì tàbí ọ̀nà fáfù ti jẹ.

Bí iná bá dára tí ilé kejì ṣì kú, ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹwáyà. A ó wọn ìfúnpọ̀ ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ti ìkejì bá lọ sílẹ̀ gan-an, a ó da ọ́ìlì ṣíbí kan sí i láti ojú ihò pílọ́ọ̀gì, a ó tún un wọ̀n. Bí ó bá gòkè, ríǹgì ni, nítorí pé ọ́ìlì náà ti bá a dí àyíká písítìnì fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá gòkè, fáfù ni tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí ilé méjì tí ó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ bá sì jọ lọ sílẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó jó láàárín wọn ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí a yẹ tápẹ́ẹ̀tì wò. Fáfù tí a fún jù kì í lè pa ẹnu dé, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ju ti sípánà àti sùkùdíráfà lọ.

Àwọn ọkọ̀ tuntun ní kọ̀ǹpútà tí ń dá mísì mọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá kọ P0302, ilé kejì ni ó ń wí. Ó sọ ibi tí ó wà, kò sọ ìdí. Láti ibẹ̀ lọ, wíwádìí lẹ́yọ lẹ́yọ náà ni.

Ohun tí ó kan àwa

Ẹ wo irú gbólóhùn tí ó gbé àlàyé òkè yìí ró. Gbólóhùn kání ni ó ń gbé ìdánwò kalẹ̀: "bí mísì bá bá pílọ́ọ̀gì lọ." Gbólóhùn akíyèsí alátẹnumọ́ ni ó ń nàka sí ọ̀daràn: "pílọ́ọ̀gì ni." A ń kọ́ méjèèjì nínú gírámà bí ẹni pé wọn kò ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tilẹ̀ parí ìwé mẹ́fà ń lò wọ́n láti fi ronú láti àárọ̀ di alẹ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ àyálò, èrò tiwa ni pé a ń fi pẹ́ńsùlù pupa ṣe ohun tí kò yẹ. Èdè wa kò gba ìsùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, kò sì gba kọ́ńsónáǹtì ní ìparí ọ̀rọ̀. "Pílọ́ọ̀gì" ti tẹ̀ lé òfin méjèèjì, ó ti di ọmọ ilé. Ẹni tí ó bá fi "ohun-ìtaná" rọ́pò rẹ̀, kí ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kí a rí ohun tí wọn yóò fún un. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìfẹ̀ ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Wọn kò dúró de ìgbà tí gbogbo ọ̀rọ̀ yóò fi pé.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ pé: "Mẹkáníìkì yọ ohun-ìtaná, ó fi tuntun sí i, ọkọ̀ sì dára." Òmíràn lè kọ pé: "Wọ́n gbé pílọ́ọ̀gì ilé kejì lọ sí ilé kẹta, nígbà tí ìkẹta bẹ̀rẹ̀ sí í mísì, wọ́n mọ̀ pé pílọ́ọ̀gì ni." Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń mákì, ẹnì kejì ni yóò gba máàkì jù, bí kò tilẹ̀ fi àmì ohùn sórí pílọ́ọ̀gì bó ti yẹ. Mo lè yọ ẹyọ kan fún àmì ohùn náà.