Bí Nǹkan Oṣù Ọmọbìnrin Tó Ń Ṣe Eré Ìdárayá Bá Dáwọ́ Dúró

Ẹ̀yin òbí àti òbí àgbà,

Eré sísá, ìlúwẹ̀ẹ́, bọ́ọ̀lù gbígbá àti ijó dára fún ara àwọn ọmọbìnrin wa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ-ọmọ yín tó ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ kíkankíkan kò bá rí nǹkan oṣù rẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe kà á sí ohun kékeré, ẹ má sì ṣe yára fẹ̀sùn kàn án. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ tó ń jẹ kò tó iṣẹ́ tí ara rẹ̀ ń ṣe.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀?
Agbára inú oúnjẹ ni a fi ń mí, òun náà ni ọkàn fi ń lù. Bí eré bá gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ara yóò máa ṣọ́ ìyókù ná. Ọpọlọ kò ní í ránṣẹ́ sí ibi tí ẹyin obìnrin wà bó ti yẹ. Ẹyin kò ní í jáde, nǹkan oṣù yóò sì dúró. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí kò rù rárá. Láti ọdún 2014 ni Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé ti ń pe àìtó agbára yìí ní RED-S. Ẹ lè gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu dókítà.

Kí ni ewu rẹ̀?
Hòmónù obìnrin tó ń dáàbò bo eegun yóò dín kù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà ọ̀dọ́ ni eegun ń kó agbára tí yóò lò dọjọ́ ogbó jọ. Eegun ọmọ náà lè sán láìjẹ́ pé ó ṣubú. Oyún níní náà lè ṣòro. Èyí kò túmọ̀ sí pé ó ti yàgàn: bí oúnjẹ bá tó, nǹkan oṣù sábà máa ń padà, bó tilẹ̀ lè gba oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n agbára tí eegun ti pàdánù lè má padà tán.

Kí ni kí ẹ ṣe?
• Bí nǹkan oṣù bá fò ní ìgbà 3 léraléra, ẹ rọ̀ ọ́ kí ó lọ rí GP. Dókítà yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá oyún tàbí àìsàn mìíràn ni. Ọ̀fẹ́ ni ìbẹ̀wò yìí lábẹ́ NHS, ẹ sì lè béèrè ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.
• Ẹ rí i pé ó jẹun kí ó tó lọ ṣeré àti lẹ́yìn tó bá dé.
• Ẹ má ṣe rọ̀ ọ́ láti gbààwẹ̀ lásìkò yìí.
• Ẹ má ṣe fún un ní àgbo tí yóò mú nǹkan oṣù wá.
• Ẹ má ṣe yìn ín nítorí pé ó rù, ẹ má sì fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọmọ kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún olùkọ́ eré wọn. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.