Òṣùwọ̀n Wo Ni A Fi Ń Wọn Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọmú?

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin abiyamọ, bí ẹ bá dé Ọjà Ìkòtún láti ra gààrí, ẹ kì í wo ẹwà obìnrin tí ó ń tà á kí ẹ tó sanwó. Kọ́ńgò rẹ̀ ni ẹ ń wò. Ẹ ó yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú, ẹ ó sì rí i pé gààrí kún un dé ẹnu. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá kọ lu ọmú ẹni, tí a sì gba ilé ìwòsàn lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní òṣùwọ̀n kankan lọ́wọ́. Bí ilé náà bá mọ́, tí nọ́ọ̀sì sì kí wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà, a ó ní ilé ìwòsàn náà dára. Bí wọ́n bá jágbe mọ́ wa, a ó ní kò dára. Ìmọ́tótó dára, ọ̀yàyà sì ń tu aláìsàn nínú, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan mìíràn wà tí ẹ̀mí so mọ́ ju ìwọ̀nyí lọ. Àwọn ni a fẹ́ bá yín sọ nínú oṣù yìí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ìyá ọmọ

Jẹjẹrẹ ọmú ni jẹjẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàrin àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ìṣirò àwọn onímọ̀ àgbáyé fún ọdún 2020 ni pé àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní ilẹ̀ wa lé ní 28,000, àwọn tí ó sì pa ní ọdún kan náà lé ní 14,000. Kì í ṣe àrùn ìyá àgbà nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń mú níhìn-ín ni kò tí ì pé 50 ọdún.

Ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú ni ó rọrùn jù fún láti fojú fo kókó dá. Yóò ní omi ọmú ni ó dì, yóò fi omi gbígbóná rẹ̀ ẹ́, yóò sì gbàgbé rẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n kókó tí kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmú tí awọ rẹ̀ sún jọ bí èèpo ọsàn, orí ọmú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ti ibẹ̀ jáde, ilé ìwòsàn ni ó kàn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ìkòkò, sísè, àti oúnjẹ

Ní ọdún 1966, dókítà kan tí wọ́n bí ní Lẹ́bánónì, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, Avedis Donabedian, kọ ìwé kan lórí bí a ṣe lè díwọ̀n iṣẹ́ ìwòsàn. Ó ní ibi mẹ́ta ni kí á wò: ohun tí ilé ìwòsàn ní, ohun tí wọ́n ń fi ṣe, àti ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Ẹni tí ó mọ ilé ìdáná kò ní ṣòro fún láti lóye èyí. Ìkòkò àti igi ìdáná ni ti èkíní, ọwọ́ tí a fi sè é ni ti èkejì, oúnjẹ tí ó dé inú ọmọ ni ti ẹ̀kẹta. Ìkòkò ńlá kò sọ pé ọbẹ̀ yóò dùn. Bákan náà, ẹ̀rọ olówó ńlá tí kò sí iná fún, tàbí tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò kò sí nídìí rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ẹ ka ọjọ́

Òṣùwọ̀n kìíní tí ẹ̀yin fúnra yín lè dì mú ni ọjọ́. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò kan lórí jẹjẹrẹ ọmú, wọ́n sì gbé òṣùwọ̀n mẹ́ta kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Nínú 100 obìnrin tí jẹjẹrẹ tí ó ti ń ràn mú, ó kéré tán kí a mọ̀ ọ́n lára 60 nígbà tí ó ṣì wà ní ìpele kìíní tàbí èkejì. Láti ọjọ́ tí obìnrin bá kọ́kọ́ fi ara hàn, kí ó má ju 60 ọjọ́ lọ tí yóò fi mọ ohun tí ó ń ṣe é. Nínú 100 tí ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kí ó kéré tán 80 parí rẹ̀. Àjọ náà tún ní kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù mẹ́ta tí obìnrin kọ́kọ́ fi ara hàn.

Ká ní ìyàwó ilé kan ní Ẹgbẹ́dá rí kókó. Ó lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé, wọ́n kọ lẹ́tà fún un lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba Alímọ̀ṣọ́ tí ó wà ní Ìgàndò. Bí àyẹ̀wò tàbí ìtọ́jú bá ju ti ibẹ̀ lọ, wọ́n lè darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ ní Ìkẹjà, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àràbà, níbi tí wọ́n ti ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí ó ní ẹ̀rọ onítànṣán ní ọdún 2019. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ ti ju mílíọ̀nù kan lọ nígbà náà, nítorí náà kò yani lẹ́nu bí èrò bá pọ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìdúró tí ó wà láàrin ibì kan àti èkejì, kókó náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn tí ó dára ni èyí tí ó mọ iye ọjọ́ tí aláìsàn rẹ̀ fi dúró, tí ó sì ń wá ọ̀nà láti dín in kù.

Ẹran kékeré inú ìgò

Òṣùwọ̀n kejì fara sin. A kò lè fi ojú lásán mọ jẹjẹrẹ. Àfi kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ yọ ẹran díẹ̀ nínú kókó náà, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ awò wò ó. Ẹran yìí gbọ́dọ̀ wọ inú oògùn tí wọ́n ń pè ní formalin kíákíá, kí ó má tó wákàtí kan. Bí ó bá pẹ́ nílẹ̀ nínú ooru, èsì rẹ̀ lè ṣì wọ́n lọ́nà. Èsì náà ni yóò sì sọ irú jẹjẹrẹ tí ó jẹ́. Àwọn kan wà tí oje ara obìnrin ń bọ́. Oògùn oníkóró bíi tamoxifen ń ṣiṣẹ́ fún irú wọn, a sì máa ń lò ó fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn wà tí kò gbọ́ tirẹ̀ rárá. Dókítà tí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn láìmọ irú èyí tí ó ń bá jà, àfọ̀njú ni ó ń ta ọfà. Nítorí náà, iye aláìsàn tí èsì yìí wà nínú fáìlì wọn kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ òṣùwọ̀n pàtàkì.

Ẹ ṣọ́ra fún òǹkà ikú

Àwọn kan yóò ní, “Ibi tí èèyàn ti ń kú jù ni kò dára.” Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ń gbé àwọn tí àrùn ti wọ̀ lára lọ, ikú yóò sì pọ̀ níbẹ̀. Ilé kékeré tí ó ń darí gbogbo aláìsàn líle lọ síbòmíràn kò ní rí òkú sin. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ fi ìpele kìíní wé ìpele kìíní, kí á sì fi ìpele kẹrin wé ìpele kẹrin.

Ohun kan tún wà. Aláìsàn tí kò padà wá mọ́ kì í sí nínú òǹkà. Ó lè jẹ́ pé owó ni ó tán, tàbí pé ọkọ ni kò fẹ́ kí wọ́n gé ọmú, tàbí pé ó ti gba ilé àdúrà tàbí ilé aláwo lọ. Ilé ìwòsàn tí kò pè é lórí fóònù, tí kò rán ẹnikẹ́ni wá a, kò lè sọ bóyá ó yè tàbí ó kú. Iye tí ó parí ìtọ́jú ni ó ń fi òótọ́ hàn. Wíwá ẹni tí ó sọnù sì jẹ́ ara iṣẹ́ ìwòsàn, kì í ṣe àánú lásán.

Ìwé kékeré tí ẹ ó fi sínú àpò

Ẹ ra ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan, kí ẹ sì máa kọ gbogbo ọjọ́ sínú rẹ̀: ọjọ́ tí ẹ rí kókó, ọjọ́ tí dókítà fi ọwọ́ kàn án, ọjọ́ tí wọ́n yọ ẹran, ọjọ́ tí èsì dé. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, nítorí náà ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Ọjọ́ wo ni èsì yóò jáde, ta ni n ó sì bá bí kò bá jáde?
2. Ìpele wo ni àrùn náà wà, irú wo sì ni?
3. Ǹjẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ, ti oògùn àti ti ìtànṣán ti jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ mi?
4. Èló ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n lè mọ bí n ó ṣe tò ó?
5. Bí n kò bá lè wá ní ọjọ́ tí ẹ dá fún mi, ta ni yóò pè mí?

Ẹ gba ẹ̀dà èsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀, nítorí fáìlì lè sọnù. Ẹ mú ọkọ yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín kan dání, torí etí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Bí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá ṣe dáadáa, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí ọjọ́ bá sì ń gorí ọjọ́ láìsí èsì, ẹ má ṣe jókòó sílé máa wò. Ẹ mú ìwé yín, kí ẹ padà lọ, kí ẹ sì fi ọjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ hàn wọ́n. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí wọ́n fi kọ́ńgò rẹ́ òun jẹ ní ọjà, kò yẹ kí ó dákẹ́ nígbà tí ó bá kan ẹ̀mí ara rẹ̀.