Bí Pásítọ̀ Ṣe Ń Gba Dìgírì Láìfi Ìjọ Rẹ̀ Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ pásítọ̀ ló ń wù láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n wọn ò lè fi ìjọ, aya, ọmọ àti iṣẹ́ òòjọ́ wọn sílẹ̀ kí wọ́n lọ gbé sẹ́mínárì fún ọdún 3 tàbí 4. Irú wọn ni ètò dìgírì àdákà wà fún. Akẹ́kọ̀ọ́ á dúró sí ìjọ rẹ̀, á máa dá ìwé kà ní àkókò tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, olùkọ́ á sì máa tọ́ ọ sọ́nà. Ètò yìí ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Orílẹ̀-èdè Guatemala ni ìlànà tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń tẹ̀ lé lónìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1938 ni Ìjọ Presbyterian dá sẹ́mínárì sílẹ̀ ní olú-ìlú ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ní 1962, wọ́n rí i pé nínú akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 200 tó ti wọlé síbẹ̀, 10 péré ló ṣì ń ṣe pásítọ̀. Ọmọ abúlé tó bá ti jayé ìgboro kì í fẹ́ padà sóko mọ́. Àwọn tó sì ń darí ìjọ abúlé gan-an, àwọn tí ará ìlú ń fọ̀ràn lọ̀, ti ní ìdílé àti oko lọ́rùn, wọn ò lè kúrò nílé. Wọ́n kọ́kọ́ gbé sẹ́mínárì náà lọ sí San Felipe, ní ẹkùn Retalhuleu, kó lè sún mọ́ ará oko. Ìyẹn náà kò tó. Ní 1963, Ralph Winter àti James Emery, àwọn míṣọ́nnárì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pinnu pé olùkọ́ ni yóò máa tọ akẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Wọ́n yan ibùdó káàkiri. Akẹ́kọ̀ọ́ á kàwé nílé, olùkọ́ á wá pàdé wọn ní ibùdó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nítorí pé ẹni tó ń dá kàwé kò ní ẹni tó máa bi léèrè, wọ́n ṣe àwọn ìwé tó ń kọ́ni díẹ̀díẹ̀. Ìwé náà á ṣàlàyé ohun kan, á béèrè ìbéèrè lórí rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ìdáhùn tirẹ̀, á sì fi wé èyí tó tọ̀nà kó tó tẹ̀ síwájú. Bó bá ṣì í, á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n tún pín ẹ̀kọ́ sí ìpele, kí ẹni tí kò kọjá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó ti lọ jìnnà lè jọ kẹ́kọ̀ọ́, kálukú níwọ̀n agbára rẹ̀.

Ted Ward, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Michigan State University, àti Samuel Rowen fi ìlànà yìí wé ọgbà onígi. Igi méjì ni wọ́n nà gbọọrọ. Ọ̀kan ni ìmọ̀ inú ìwé, èkejì ni iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nínú ìjọ. Òpó tó gbé méjèèjì dúró ni ìpàdé akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú olùkọ́ àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀. Pásítọ̀ tó kà nípa ìtùnú lọ́jọ́ Ajé, tó lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, yóò ní ìbéèrè tó nípọn nígbà tí ìpàdé bá dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Òpó yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń yọ kúrò láti dín ìnáwó kù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọgbà náà fi dúró.

Ìlànà náà, tí wọ́n ń pè ní Theological Education by Extension (TEE), tàn kálẹ̀. Ẹgbẹ́ TAFTEE bẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà ní 1971. Ní 1976, oríṣiríṣi ìjọ pawọ́ pọ̀ dá TEE College sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ènìyàn ti lè kàwé títí dé Bachelor of Theology.

Dídá ìwé kà kò sọ dìgírì di ayédèrú. Ohun tó yẹ ká wò ni ẹni tó yẹ ẹ̀kọ́ náà wò tó sì fọwọ́ sí i. Ní Amẹ́ríkà, Association of Theological Schools, àjọ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ sẹ́mínárì, ń béèrè ó kéré tán yúnítì 72 fún Master of Divinity. Ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ Florida gba ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn láàyè láti máa fúnni ní dìgírì láìgba ìwé àṣẹ ìjọba, bí orúkọ dìgírì náà bá ti fi hàn pé ti ẹ̀sìn ni. Nítorí náà, àdírẹ́sì Amẹ́ríkà nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ní Nàìjíríà, NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, ló ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ dìgírì. Àwọn sẹ́mínárì kan a máa so mọ́ yunifásítì, bí Immanuel College of Theology ní Ìbàdàn ṣe so mọ́ University of Ibadan.

Ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè ohun mẹ́rin. Ta ni yóò máa ka iṣẹ́ mi tí yóò sì máa dá mi lóhùn? Ìgbà wo la ó máa pàdé? Báwo ni ẹ̀kọ́ yìí ṣe máa kan iṣẹ́ mi nínú ìjọ? Àjọ wo ló fọwọ́ sí i? Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má fowó yín síbẹ̀.