Bí Pọ́ǹpù Tó Ṣeé Tú Fọ̀ Ṣe Dáyé

Omi ẹ̀gẹ́ kan. Ẹni tó bá ti tú àpò ẹ̀gẹ́ rírin tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta lábẹ́ jáàkì mọ òórùn rẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń fojú irin rí. Ibi tí omi náà bá ti ń kán sí lára irin lásán, kò ní pẹ́ tí yóò fi pọ́n. Ìpẹtà yẹn kì í sì í dúró sára irin, inú gààrí, fùfú àti sítáàṣì ló ń gbà lọ. Láti Mọníyà dé Ìyànà Ọ̀fà, láti Ẹgbẹ́dá dé Akánran ní agbègbè Ìbàdàn, kò sí ẹbu gààrí tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Ẹbu tó bá sì fẹ́ tóbi, tó fẹ́ kúrò níbi kí a máa fi bókẹ́ẹ̀tì bu omi sítáàṣì láti ìdí asẹ́ lọ sínú táǹkì, yóò kan ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi owó ná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ẹ̀rọ ṣe dé ìdí ẹ̀gẹ́ rárá. Páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ni àwọn ìyá wa fi ń rin ẹ̀gẹ́, ìka wọn ló sì ń jìyà rẹ̀. Felix Nweke, tó ṣe ìwádìí ẹ̀gẹ́ káàkiri Áfíríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn Faransé ló mú ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ wọ Dàhómì, tí a ń pè ní Benin lónìí, ní àwọn ọdún 1930, pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un rọ fúnra wọn láti àwọn ọdún 1940. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn wẹ́dà wọ̀nyẹn ṣe. Irin tí wọ́n bá rí ni wọ́n fi rọ ọ́, ohun tí wọ́n sì ń rò ni bí ẹ̀rọ yóò ṣe yára.

Ẹ̀gẹ́ náà wá pọ̀ sí i. Ní 1967 ni wọ́n dá ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn, lọ́nà Mọníyà. Ní 1971, Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà, dé síbẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ tí àrùn mòsáíìkì kò tètè mú. Àwọn ará Ìkirè fi í jẹ Sẹ́ríkí Àgbẹ̀ nítorí iṣẹ́ náà, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tó pọ̀ lóko, ìdí ẹ̀rọ ni yóò kóra jọ sí, ẹ̀rọ tí a kò rọ nítorí ìmọ́tótó.

Nígbà tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀, ìdáhùn ti wà níbòmíràn, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ronú kan oúnjẹ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1913, ní Sheffield, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harry Brearley ń wá irin tí kò ní tètè jẹ nínú ẹnu ìbọn. Ó da chromium mọ́ irin, ó sì rí i pé ásíìdì tó yẹ kó jẹ ẹ́ kò jẹ ẹ́, ọtí kíkan pàápàá kò sì rí i gbé ṣe. Ọ̀bẹ ìjẹun ni wọ́n kọ́kọ́ fi rọ. Nígbà tó di 1924, William Hatfield ti fi nickel kún un: chromium ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, nickel ìdá 8. Sítéńlẹ́ẹ̀sì tí a ń pè ní 304 lónìí, irú èyí ni. 316 jẹ́ ìbátan rẹ̀, molybdenum ló wà nínú rẹ̀ kó lè fara da iyọ̀.

Bí pọ́ǹpù náà ṣe dé kò yàtọ̀. Philander àti Francis Roots, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní Connersville, ìpínlẹ̀ Indiana, ń wá kẹ̀kẹ́ omi tuntun fún ilé iṣẹ́ irun àgùntàn wọn. Apá méjì tó ń yí lódìkejì ara wọn nínú àpótí kan ni wọ́n ṣe, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde níbẹ̀ ló sì yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1860. Irú apá méjì bẹ́ẹ̀ ló wà nínú pọ́ǹpù tó ń gbé yọ́gọ́ọ̀tì àti tòmátò lílọ̀ lónìí: wọn kì í fara kan ara wọn, jíà tó ń yí wọn sì wà lẹ́yìn àpótí, kí òróró rẹ̀ má bàa dé ibi oúnjẹ. Ní nǹkan bí 1930, René Moineau ní ilẹ̀ Faransé ṣe tirẹ̀: irin lílọ́ kan tó ń yí nínú ihò rọ́bà lílọ́, tó ń ti ohun tó ki lọ síwájú jẹ́jẹ́. Fún ẹ̀gẹ́ rírin tó ki, mi ò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ.

Ohun tó sọ ẹ̀rọ wọ̀nyí di ẹ̀rọ oúnjẹ gan-an ni wàrà. Wàrà tó bá sé sí kọ̀rọ̀ páìpù yóò bàjẹ́, yóò sì ba tòní jẹ́. Ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1920, àwọn tó ń rọ ẹ̀rọ, àwọn tó ń ṣe wàrà àti àwọn aṣọ́ ìmọ́tótó jókòó pọ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́ta yìí ló sọ ìlànà wọn ní 3-A. Ojú ìsopọ̀ páìpù ni wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kò lé lórí, ó sì bọ́gbọ́n mu, torí inú ojú ìsopọ̀ tí a lọ́ mọ́ra ni ìdọ̀tí máa ń sá sí. Ìlànà ti wá sọ pé ojú irin tó kan oúnjẹ gbọ́dọ̀ dán débi pé àìdọ́gba rẹ̀ kò ní ju ìdá 8 nínú 10,000 mìlímítà lọ. Bákítéríà ò gbọdọ̀ rí kọ̀rọ̀ sùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́bu. Súmò tí a fi ń fa omi kànga dára fún kànga. Kì í ṣe ti sítáàṣì. Òróró wà nínú mọ́tò ọ̀pọ̀ wọn, bí síìlì bá sì já, inú oúnjẹ ni yóò gbà. Àwọn kọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì ṣeé dé, bí ẹ ti ń da omi sí i tó. Bí ohun tí ẹ ń gbé bá ṣàn bí omi, pọ́ǹpù sítéńlẹ́ẹ̀sì tó ń fi abẹ yíyí ti omi jáde ti tó. Bí ó bá ki, ẹ lọ sọ́dọ̀ ti Roots tàbí ti Moineau. Ẹ ṣọ́ra fún ti Moineau: bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lófìfo, rọ́bà inú rẹ̀ yóò jóná kíá. Oríṣiríṣi ni rọ́bà náà. EPDM fara da omi gbígbóná àti kọ́síìkì, ṣùgbọ́n epo máa ń mú un wú. Ẹni tó bá tún fẹ́ fi gbé epo pupa, kó béèrè NBR.

Àwọn kan máa ń fi mágínẹ́ẹ̀tì dán sítéńlẹ́ẹ̀sì wò. Ó ràn wá lọ́wọ́, kò sì tó: mágínẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ fa 304, ṣùgbọ́n kì í fa 201 náà, 201 sì máa ń tètè dípẹtà. Kí wẹ́dà yín má fi rọ́ọ̀dù irin lásán jó o, kó má sì fi búrọ́ọ̀ṣì irin lásán ha á, nítorí ojú ibẹ̀ yóò pọ́n.

Ìtọ́jú ló jù. Kí ẹ tó pa pọ́ǹpù ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi omi mímọ́ lé sítáàṣì jáde kúrò lójú síìlì. Tí sítáàṣì bá gbẹ sáàárín ojú méjèèjì síìlì, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni síìlì yóò fọ́. Lẹ́yìn náà kọ́síìkì gbígbóná, lẹ́yìn náà omi. Jíìkì náà dára, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ lára sítéńlẹ́ẹ̀sì, yóò lu ihò wẹ́wẹ́ sí i, nítorí náà ẹ fi omi ṣan án kúrò. Ẹ gbé ẹnu pọ́ǹpù sí bí omi kò ṣe ní dúró nínú rẹ̀ mọ́jú.

Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, mo mọ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lè rà á pọ̀, pàápàá àwọn tó fẹ́ di gààrí tàbí sítáàṣì sínú ọ̀rá, torí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, yóò wá wo ẹbu kó tó fún wọn ní nọ́ńbà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tú u lójú yín, láìlo ju sípánà kan lọ, kó sì tò ó padà. Ẹ béèrè ibi tí síìlì àti rọ́bà rẹ̀ ti wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó, kí ẹ sì ra ìpààrọ̀ wọn lọ́jọ́ kan náà.